Ẹ̀rọ Iná, Ẹsẹ̀ Ọkọ Mi, àti Agolo Mílíìkì Kan

Àdùkẹ́ mi,

Má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe rí, jọ̀ọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì parí ìkẹfà. Láti ìgbà náà, orúkọ mi nìkan ni mo máa ń kọ, níbi tí wọ́n bá ti ní kí n fọwọ́ sí nǹkan. Ọ̀rọ̀ mi á máa falẹ̀, torí mo ní láti pe ọ̀kọ̀ọ̀kan sí etí ara mi kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí o bá rí i pé mo ti pa rẹ́, fò ó kọjá. Ibi tí o bá sì rí i pé omi kán sí, má rò pé ẹkún ni. Ẹran títà ni mò ń fọ̀ lọ́wọ́, mo kàn ń nu ọwọ́ mi sí ìró láti wá kọ díẹ̀ díẹ̀ ni.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi fóònù bá ọ sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ láàárọ̀ àná. Bí o bá ti ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé kò sí o?" ọ̀rọ̀ á sá padà sínú mi, màá ní kò sí, mo ní kí n kàn kí ọ ni. O mọ̀ mí. Níwájú ènìyàn méjì, ohùn mi a máa pòórá. Ìwé kò ní ojú tí yóò fi wò mí, ìdí nìyí tí mo fi mú un.

Ìyá ló máa ń kọ̀wé ìmọ̀ràn sí ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ. Tiwa dorí kodò. Ìwọ lo gba iṣẹ́ tuntun, èmi ni mo wọlé ọkọ, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Oṣù karùn-ún rèé tí mo ti wà ní Èbúté Mẹ́ta níbí, ojú ṣì ń tì mí láti pe ọkùnrin yìí ní ọkọ mi tí àwọn aládùúgbò bá wà nítòsí. Bàbá Fọlákẹ́ ni mò ń pè é níta. Ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, ọkọ mi ni màá máa kọ, bóyá ó lè ti ọwọ́ mọ́ mi lára kó tó dé ẹnu. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ káfíńtà rélùwéè láti ọjọ́ yìí, síbẹ̀ kò sí tábìlì tí yóò jókòó tì tí kò ní kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa á wò bóyá ó dán. Ó máa ń dúró dè mí kó tó jẹun. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó gbé bírò lé mi lọ́wọ́ ni ẹsẹ̀ ọkọ mi àti iṣẹ́ tuntun rẹ. O mọ ìtàn kókó tó yọ sí i lójúgun, tí wọ́n ní jẹjẹrẹ awọ ara ni. Wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kíní, ó hù padà. Wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kejì, ó hù ní méjì. Dókítà tó gé e ní kí wọ́n kúkú gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. A ń ronú ìyẹn lọ́wọ́ nígbà tí ìwọ wá sọ fún wa pé ní ọsibítù Yábàá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ọ́ síṣẹ́, ẹ̀rọ kan wà tó ń fi iná mànàmáná ti oògùn wọ inú irú kókó bẹ́ẹ̀, pé ó lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà dúró. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fún wa. Ọkọ mi ní ohun tí mo bá sọ ni òun yóò ṣe. Látìgbà tó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń wo ẹnu mi, mi ò sì tíì la ẹnu náà.

Àǹtí Fọlákẹ́, àkọ́bí rẹ̀, wá síbí ní Sátidé. Mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ dáadáa, àmọ́ ó ti wà nínú ilé kí n tó wọ̀ ọ́, àǹtí mi sì ni. Mo gbé omi fún un, kò mu ún. Ó ní, "Màmá, mi ò bá yín jà o. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàbá mi kì í ṣe ibi tí ọmọ yín á ti kọ́ṣẹ́. Tí wọ́n bá gbé iná sí wọn lára tí nǹkan ṣe wọ́n, ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ máa ṣàlàyé fún wa."

Mo kúnlẹ̀, mo ní kó má bínú. Àdùkẹ́, má ṣe dì í sínú. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó yẹ, bàbá tìrẹ ì bá wà láyé. Màá dé ibẹ̀. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ rẹ, kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe l'Ọ́jọ́bọ̀. Mo ti kà á lọ́kàn sí mẹ́rin. Bí mo bá ṣìkà, forí jì mí.

Èkíní: ọmọ mi, àlàyé tó dùn kì í ṣe ẹ̀rí.

O rántí ọjọ́ Àìkú yẹn, nígbà tí o tẹ̀lé mi wọ kíṣìnì. Mò ń fi fọ́ọ̀kì gún ẹran kí n tó bọ̀ ọ́. O ní ara ènìyàn, sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jọ bíi hóró gaàrí, pé ìkọ̀ọ̀kan ní awọ tó fi bo ara rẹ̀, pé oògùn alágbára kan wà tí awọ yẹn kì í fẹ́ gbà wọlé. O ní ẹ óò fún un lóògùn náà, ẹ óò wá fi àwọn abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sí kókó náà, iná á kọjá láàárín wọn kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, awọ sẹ́ẹ̀lì á lanu, oògùn á wọlé, awọ á sì padé mọ́ ọn nínú. Mo bojú wò ọ́ bíi pé èdè Tápà lo ń sọ. O wá gba fọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi.

"Màámi, bí ẹ ṣe ń gún ẹran yìí kí iyọ̀ àti ata lè wọnú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Ẹran tèmi ti kú, Àdùkẹ́. Ihò tí mo dá sí i kì í padé."

"Èyí máa ń padé, mà."

"Ta ló bẹ̀ ẹ́ wò?"

O rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín láti pálọ̀, ó ní ìyàwó òun ì bá ṣe lọ́yà. Èmi ò rẹ́rìn-ín. O rò pé àìmọ̀wé ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ìwọ ò mọ̀ pé ejò ti bù mí jẹ, torí mi ò fi ojú ọgbẹ́ náà hàn ọ́ rí.

O wà nílé ìwé girama nígbà náà, níbi tí ẹ ti ń sùn sí ilé ẹ̀kọ́. Ní Sùúrùlérè, nínú gbọ̀ngán kan lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn kan gbé ẹ̀rọ wá. Ọ̀fẹ́ ni. O kàn máa bọ́ bàtà, o máa gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé pèpéle irin kékeré kan, wọ́n á tan iná sí i, yóò sì máa rìn ọ́ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ìbàdí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń darí rẹ̀ wọ kóòtù funfun bíi dókítà, wọ́n ń pe gbogbo wa ní Mọ́mì. Wọ́n sì mọ àlàyé ṣe. Wọ́n ní iná náà ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ti dí, pé ó ń lé májèlé oògùn òyìnbó jáde lára, pé ẹni tó bá ń gùn ún lójoojúmọ́ kò ní nílò hóró oògùn mọ́. Wọ́n ya àwòrán ara ènìyàn sí ojú pátákó, wọ́n fi ọfà pupa sí ibi tí iná ń gbà. Mi ò tíì rí àlàyé tó yé mi tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Àdùkẹ́, ó yé mi ju tìrẹ lọ.

Wọ́n fún wa ní káàdì tí wọ́n ń lù ní òǹtẹ̀. Ẹni tí òǹtẹ̀ rẹ̀ bá pé ogún, wọ́n á pè é síwájú kó wá jẹ́rìí. Nígbà tó kàn mí, mo gba makirofóònù. Mo ní orí fífọ́ mi ti lọ. Òótọ́ ni, ó lọ. Gbogbo gbọ̀ngán náà pàtẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún mi rí, Àdùkẹ́. Nílé ìwé, ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó sí. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, inú ni mo ti ń ṣe àmín mi. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n pè mí ní Mọ́mì Ẹlẹ́rìí, wọ́n ní ohùn mi dùn nínú makirofóònù, kí n tún wá lọ́la. Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Sùúrùlérè dé Múṣìn lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀ pé mo rìn.

Mo ti fi orí fífọ́ mi jẹ́rìí tán. Ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ ló kù.

O mọ̀ pé rewáyà ni bàbá rẹ, iná mọ́tò ló fi ń jẹun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi tẹ̀lé mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ẹ̀rọ náà, ó ní, "Ìyá Àdùkẹ́, iná tó bá wọ nǹkan, ó yẹ kó ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Kí ni èyí ń ṣe, yàtọ̀ sí pé ó ń rìn mí lẹ́sẹ̀?" Ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀lé mi lọ lójoojúmọ́. Ó pẹ́ kó tó yé mi ìdí tó fi ń lọ. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló gbà gbọ́. Ó rí i pé inú mi ń dùn ni.

Lọ́sẹ̀ kejì tí bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, àwọn ọ̀dọ́ yẹn ní ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá oògùn dúró. Bàbá rẹ ní òun ò dá nǹkan kan dúró. Hóró méjì ló ń lò láràárọ̀, kò fi í ṣeré.

Ohun tó kàn yìí, títí di àná, mi ò sọ ọ́ fún Ọlọ́run pàápàá ní ohùn òkè rí.

Èmi ni mo kó oògùn náà pamọ́. Inú agolo mílíìkì ni mo kó o sí, mo fi sẹ́yìn àpò gaàrí. Mo sọ fún un pé ó ti tán, pé ilé oògùn kò tíì rí irú rẹ̀ rà, pé wọ́n ní ká padà wá. Ó gbà mí gbọ́. Kí ló dé tí kò ní gbà mí gbọ́? Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gba makirofóònù, mo jẹ́rìí pé bàbá ọmọ mi ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Àtẹ́wọ́ ọjọ́ yẹn ló pọ̀ jù. Bàbá rẹ jókòó síwájú, ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé oògùn kàn tán ni, pé mo kàn ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì ìwẹ̀. Ìyókù, o mọ̀ ọ́n. Nígbà tí o dé láti ilé ìwé, mo sọ fún ọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣe é lójijì. Kò ṣe é lójijì.

Mo padà sí gbọ̀ngán náà lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ. Mo ní kí n bi wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ní, "Mọ́mì, bóyá wọn ò gùn ún tó ni." Káàdì bàbá rẹ wà nínú àpò mi. Òǹtẹ̀ ti kún un dé etí.

Agolo yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òun ni mo kọ́kọ́ dì sínú ẹrù nígbà tí mo ń bọ̀ wá sílé ọkọ.

Mo ti nu ọwọ́ mi, mo ti wá. Ibo ni mo dé? Ìkejì. Ìkejì jọ ìkíní, àmọ́ màá kọ ọ́: ibi tí àtẹ́wọ́ bá ti pọ̀ ju ìbéèrè lọ, sá níbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi lọ sí gbọ̀ngán náà, mi ò rí ẹnì kan ṣoṣo tó gba makirofóònù tó ní kò ṣiṣẹ́ fún òun. Ó yẹ kí ìyẹn ti là mí lójú. Níbi iṣẹ́ rẹ, máa wá àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún. Béèrè orúkọ wọn, béèrè ibi tí wọ́n wà. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kò sí irú wọn, di ẹrù rẹ, wá máa bá mi din ẹran. Bí wọ́n bá sì ní kí ìwọ wá sọ̀rọ̀ rere nípa ẹ̀rọ náà níwájú ènìyàn, kọ́kọ́ yẹ ara rẹ wò bóyá òótọ́ lo fẹ́ sọ, tàbí àtẹ́wọ́ lo fẹ́ gbọ́. Ọ̀nà méjèèjì jọra wọn gan-an láti inú.

Ìdí nìyí tí mo fi dójú tì ọ́ nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ Àìkú náà. O ń gbádùn ọ̀rọ̀ rẹ bọ̀, mo kàn dá ọ dúró, mo ní, "Àwọn wo ni kò ṣiṣẹ́ fún?" Ọkọ mi wò mí. Mo rò pé wàá bínú, tàbí pé wàá sọ pé kò sí. O gbé síbí rẹ sílẹ̀. O ní kókó tó bá wà lójú awọ, tí abẹ́rẹ́ lè dé, lẹ lè bá jà, pé èyí tó bá ti sá wọ inú ara lọ, ẹ̀rọ yín kò mọ̀ ọ́n. O ní ó ti hù padà lára àwọn kan, tí wọ́n tún un ṣe, tí ó sì tún hù. O ní iṣan ẹsẹ̀ á fò nígbà tí iná bá ń kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n á fi kọ́kọ́ fún un lóògùn oorun. Egbò á wà, ó lè pẹ́ kó tó jiná, awọ ibẹ̀ sì lè dúdú. Bó bá kọ̀, gígé ṣì lè padà wá.

Àwọn tiwa ní Sùúrùlérè kò sọ ìdajì ìyẹn nípa ẹ̀rọ wọn.

O wá fi ọ̀rọ̀ kan nípa ọkọ mi parí rẹ̀, torí òun náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ẹni rántí nǹkan kékeré lo ṣe sọ ọ́: "Màámi, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kí wọ́n má fo ọjọ́ kan o. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ga lọ́jọ́ náà, wọn ò ní tan ẹ̀rọ rárá."

Mo dìde. O rò pé mo fẹ́ lọ bu ẹran kún un ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì ni mo dúró sí, mo fi ìró mi bo ẹnu. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ní ká ju oògùn nù. Èyí ní bí kò bá sí oògùn, kò sí òun.

Má rò pé mo ti wá gba ẹ̀rọ yín gbọ́ o. Mi ò gbà á gbọ́. Ìwọ ni mo gbà gbọ́, ìyẹn náà, ìdajì. Ìdajì tó kù, mo fi ń ṣọ́ ọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Èyí ló mú mi dé ìkẹta, ọ̀rọ̀ yàrá kejì tí o ní ó wà níbi iṣẹ́ yín, níbi tí ẹ ti ń lo irú iná yẹn láti ti jíìnì wọ inú sẹ́ẹ̀lì. O ní inú àwo kékeré ni àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà, pé kò tíì kan ènìyàn. O ní jíìnì dà bí lẹ́tà tí sẹ́ẹ̀lì ń kà, tó ń sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Ìyẹn yé mi kíákíá. Ó yé mi débi tí ẹ̀rù fi bà mí. Wò ó bí mo ṣe ń kọ tèmi yìí. Mo ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nígbà mẹ́wàá, ojú-ìwé yìí nìkan. Lẹ́tà tí ẹ bá kọ sínú ara ọmọ ẹlòmíì, ta ni yóò pa á rẹ́ bó bá ṣì? Mo bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí o ń lọ. Mo tún bi ọ́ bóyá àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń yè é.

"Àwọn kan ń yè é, mà. Tí iná bá kéré jù, lẹ́tà ò ní wọlé. Tí ó bá pọ̀ jù, awọ wọn ò ní padé mọ́, wọ́n á kú."

"Ṣé wọ́n ń kú púpọ̀?"

"Wọ́n ń kú púpọ̀, Màámi. Èmi ni mò ń kà wọ́n."

Àdùkẹ́, iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí o dì mú nìyẹn. Máa ka àwọn tó kú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ, kí wọ́n fi ọ́ sídìí ibi tí wọ́n ti ń ka àwọn tó yè nìkan. Bí wọ́n bá sì ní kí o dín iye wọn kù kí ìwé lè dùn ún kà, rántí agolo mílíìkì. Ẹni tó bá fi nǹkan kékeré pamọ́, inú rere ló fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú inú búburú.

Ìkẹrin, má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ tan ẹ̀rọ náà sí ẹsẹ̀ ọkọ mi. Mo mọ̀ pé o kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ mọ́. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, èmi ò sì ní lè sùn. Bàbá rẹ kì í fọwọ́ kan bátìrì mọ́tò láìkọ́kọ́ bọ́ òrùka ìgbéyàwó wa. Mo máa ń bínú, mo ní ṣé ojú mi ló ń tì í ni. Ó ní, "Rárá o. Ohun tí mo fẹ́ràn ni iná máa gbà wọlé sí mi lára." Mo wá mọ ohun tó ń sọ. Ìyá rẹ ni òrùka rẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bọ́ mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kí ẹlòmíì tí kò mọ ilé wa ṣe é, kí ìwọ dúró lápá ibi orí rẹ̀, kí o máa wo ojú rẹ̀.

Mo ti ka mẹ́rin. Ìkarùn-ún wà tí mi ò kà tẹ́lẹ̀, torí àná ló ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán àná, mo bá ọkọ mi lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fá pákó. Mo jókòó sí orí àpótí. Mo rò ó pé kò yẹ kí ọkùnrin kan gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ẹnu mi láìmọ ohun tí ẹnu náà ti ṣe rí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, gbọ̀ngán, makirofóònù, agolo. Mi ò wò ó lójú. Èérún pákó ni mò ń wò. Mo ní bó bá fẹ́ kí n kó ẹrù mi, mo ti mọ ibi tí ó wà.

Ó fá pákó náà lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọwọ́ pa á wò.

"Ìyàwó," ó ní, "ṣé ìdí nìyí tí o fi máa ń dúró tì mí láràárọ̀ títí màá fi gbé oògùn mì?"

"Òun ni, sà."

"Mo rò pé ìfẹ́ ni."

"Ìfẹ́ náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín, kò pẹ́. Ó wá bi mí bóyá o mọ̀. Mo ní rárá. Ó ní òun ò ní gbé ẹsẹ̀ lọ síbikíbi l'Ọ́jọ́bọ̀ àfi tí o bá kọ́kọ́ mọ̀, torí ọmọ tó bá fẹ́ tọ́jú òun gbọ́dọ̀ mọ irú ilé tó ń wọ̀. Nítorí náà ni ìwé yìí ṣe ní láti dé ọwọ́ rẹ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Ó ní òun fúnra òun ni yóò mú un wá fún ọ lọ́sàn-án yìí, kí n ṣáà tètè kọ ọ́ tán.

Bí o bá fẹ́ bínú, bínú. Má pè mí ní fóònù láti sọ pé o ti dárí jì mí, torí màá ní kò sí, ṣé o ti jẹun. Bí o bá fẹ́ kí ọdún kan kọjá kí o tó tún pè mí ní Màámi, ó tọ́ sí mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ ọ́ ni pé kí ìbínú yẹn má kan ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí. Kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ sọ fún un pé kó ṣe. Mo ti rò ó. A ń bọ̀ l'Ọ́jọ́bọ̀, Àdùkẹ́. Mo ti pe Àǹtí Fọlákẹ́ láàárọ̀ yìí, ohùn mi kò sì pòórá. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá wa wá, kó kọ gbogbo ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣáájú kí wọ́n tó tan nǹkan kan. Mo ní bí ìdáhùn kan bá dùn jù, kó fura. Ó ní, "Màmá, èmi ni mo máa di ọwọ́ bàbá mi mú o." Mo ní kó di apá kan mú, kó fi ìkejì sílẹ̀ fún mi.

Bí ó bá ṣiṣẹ́, mi ò ní jẹ́rìí níbì kankan. Ilé mi ni màá ti dúpẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ìwọ ni mo fẹ́ kí o wá sọ fún mi, lójúkojú, láìfi oyin sí i. Mo ti ṣe tán láti gbọ́ ọ. Ní báyìí, ohun kan wà nípa agolo yẹn tí mo fẹ́ sọ—

Ó ń pè mí láti yàrá. "Ìyàwó! Oògùn àárọ̀ mi dà?" Àdùkẹ́, oòrùn ti ga, ìwé yìí ti gbà mí lọ́kàn, mi ò tíì gbé e fún un. Jẹ́ kí n sáré, hóró méjì ni, mi ò ní jẹ́ kó fo ọjọ́ kan.